Ó Ka Lẹ́tà, Ṣùgbọ́n Kò Rí Òwú

Ọ̀gá rẹ̀, télọ̀ kan, ló mú ọmọ iṣẹ́ náà wá sọ́dọ̀ èmi oníṣẹ́ ojú. Bàbá náà gbé àpò ọ̀rá kan lọ́wọ́, ó sì tú ohun tó wà nínú rẹ̀ sórí tábìlì mi kó tó jókòó: agbádá aláwọ̀ aró, aró tó kún débi pé bí o kò bá gbé e sójú oòrùn, dúdú ni wàá pè é. Òwú tí wọ́n fi ṣe ọ̀nà sí i lọ́rùn, aró kan náà ni. Àwọn oníbàárà ń fẹ́ irú rẹ̀ báyìí, ọ̀nà tó sá pamọ́ sára aṣọ, tó jẹ́ ẹni tó bá súnmọ́ ọn nìkan ló máa rí i.

"Dókítà, ẹ wo ibí yìí." Ó fi ìka tọ́ apá òsì ọrùn aṣọ náà. Ìlà tó yẹ kó yípo bí ìkarahun ìgbín ti yà kúrò lọ́nà, ó padà, ó tún yà. Ibì kan wà tí abẹ́rẹ́ ti gba ojú kan náà lẹ́ẹ̀mẹta títí aṣọ fi fẹ́rẹ̀ẹ́ lu. "Ọmọ yìí mọṣẹ́ ju gbogbo àwọn tó kù lọ. Ọdún kẹta rẹ̀ nìyí lọ́dọ̀ mi. Èyí tó ṣe sórí aṣọ funfun lọ́sẹ̀ tó kọjá, ẹ ò ní rí àléébù kankan lára rẹ̀. Àmọ́ kí n ṣáà ti gbé aṣọ dúdú fún un, ńṣe ló máa bà á jẹ́. Mo ti bá a wí títí, ó ti rẹ̀ mí. Mo rò pé kò fọkàn sí i ni."

Ọmọ ọdún 19 ni ọmọ náà. Ó dúró sẹ́yìn ọ̀gá rẹ̀, ó káwọ́ sẹ́yìn, ó ń fún ojú pọ̀ wò mí bí ẹni tí oòrùn ń ta lójú, bẹ́ẹ̀ inú yàrá la wà. N kò ní dárúkọ rẹ̀, n kò sì ní sọ àdúgbò tí ṣọ́ọ̀bù wọn wà ní Ìbàdàn. Ohun tí mo fẹ́ kọ sílẹ̀ ni bí ojú rẹ̀ ṣe ń bàjẹ́ lọ nígbà tí gbogbo wa ń sọ fún un pé ó ń ríran.

Èmi náà wà lára àwọn tó sọ bẹ́ẹ̀. Oṣù mẹ́fà ṣáájú ọjọ́ yẹn, ó tò síwájú mi níbi tí a ti lọ yẹ ojú àwọn ará àdúgbò kan wò lọ́fẹ̀ẹ́. Ó fa káàdì tí a fún un yọ lápò. Ọwọ́ ìkọ̀wé mi ló wà níbẹ̀: 6/9, kò sí wàhálà. Ìtumọ̀ 6/9 ni pé lẹ́tà tí ẹni tójú rẹ̀ dá ṣáká máa kà láti mítà 9, òun ní láti súnmọ́ ọn dé mítà 6 kó tó lè kà á. Nǹkan kékeré ni lójú oníṣẹ́ ojú tí ogójì ènìyàn ṣì tò níwájú rẹ̀. Mo ní kó la ojú méjèèjì, mo ní kó kà, ó kà, mo ní kó máa lọ. N kò bo ojú kan kí n wo èkejì. N kò bi í léèrè iṣẹ́ tó ń ṣe. Ó ṣì ń dùn mí títí dòní.

Ó tún kó gíláàsì mẹ́ta wá, èyí tó ti rà láàárín ọdún méjì níbì kan tí wọ́n ti ń ta awò. Mo gbé wọn sórí ẹ̀rọ tó ń ka nọ́ńbà gíláàsì ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Lójú òsì, astigmatism rẹ̀, ìyẹn bí iwájú ojú ṣe tẹ̀ lápá kan ju apá kejì lọ, bẹ̀rẹ̀ láti 1.50, ó di 2.75, ó di 4.25, bẹ́ẹ̀ ni igun tó dúró sí ń yí padà nínú gíláàsì kọ̀ọ̀kan. Nígbà tí nọ́ńbà ọmọ ọdún 17 sí 19 bá ń sáré báyìí, kì í ṣe gíláàsì mìíràn ló yẹ kéèyàn kọ́kọ́ wá fún un. Ó yẹ kéèyàn béèrè pé kí ló ń yí iwájú ojú náà padà.

Lọ́tẹ̀ yìí mo bo ojú rẹ̀ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Pẹ̀lú gíláàsì tuntun jù, ojú ọ̀tún ka ìlà 6/9, òsì dúró sí 6/18. Ojú ọ̀tún ló ń ru òsì láti ọjọ́ yìí, òun náà kò sì mọ̀. Àmọ́ ohun tó gba àfiyèsí mi jùlọ ni bó ṣe ń kà á. Ó ń dúró lórí lẹ́tà kọ̀ọ̀kan bí ẹni tó ń ṣa òkúta lára ẹ̀wà. Ó gbé orí sẹ́gbẹ̀ẹ́, ó fún ìpéǹpéjú pọ̀, ó pe lẹ́tà kan, ó tún un pè.

"Ṣé o rí i àbí ò ń méfò ni?"

"Mo rí i, mà. Ó kàn ní òjìji ni. Bí méjì bí mẹ́ta, wọ́n gun ara wọn. Èyí tó dúdú jù nínú wọn ni mo ń pè."

Mo fún un ní ìwé àti bírò, mo ní kó ya òṣùpá bó ṣe máa ń rí i pẹ̀lú ojú òsì. Ó ya òṣùpá kan tó nípọn, ó ya òmíràn tó fẹ́lẹ́ lé e léjìká, ó ya ẹ̀kẹta, ó wá fa gbogbo rẹ̀ sísàlẹ̀ bí ẹni fi ìka fa omi ọbẹ̀ lórí àwo. Ó yà á kíákíá, kò sì ronú rárá. Ọ̀gá rẹ̀ na ọrùn wò ó, ó ní, "Báyìí ló ń rí òṣùpá? Ṣé láti ìgbà wo?" Ọmọ náà ní òun rò pé bó ṣe ń rí fún gbogbo ènìyàn nìyẹn.

Mo pa iná yàrá, mo mú ẹ̀rọ oníná kékeré tí a fi ń wo bí ìmọ́lẹ̀ ṣe ń padà jáde látinú ojú. Nínú ojú tó dára, ìmọ́lẹ̀ náà máa ń lọ sápá kan lẹ́ẹ̀kan náà bí mo bá ti ń yí ẹ̀rọ. Nínú ojú rẹ̀, ó pín sí méjì, apá méjèèjì sì ń pàdé, wọ́n ń yà, wọ́n ń pàdé. Àlùmọ́gàjí ni àwa oníṣẹ́ ojú ń pe ìrìn ìmọ́lẹ̀ yìí, nítorí ó jọ ojú abẹ rẹ̀ nígbà tó bá ń gé aṣọ. Mo sọ orúkọ yẹn fún un, ó rẹ́rìn-ín fún ìgbà àkọ́kọ́. Ọkàn tèmi ti rẹ̀wẹ̀sì, nítorí mo ti mọ ohun tí mo ń wò.

Keratoconus ni orúkọ àìsàn náà. Kọ́níà ni awọ tó mọ́ gaara bíi dígí tó bo iwájú ẹyinjú, òun sì ló ń ṣe púpọ̀ jù nínú iṣẹ́ kíkó ìmọ́lẹ̀ jọ kó tó wọlé lọ sẹ́yìn ojú. Nínú keratoconus, awọ yìí máa ń fẹ́lẹ́ díẹ̀díẹ̀, agbára ìdìmú rẹ̀ á dín kù, ibi tó fẹ́lẹ́ á sì yọ síwájú bí orí kóńkó, lọ́pọ̀ ìgbà nísàlẹ̀ àárín ojú. Láti ìgbà tí ọmọ bá ń bàlágà ló sábà máa ń bẹ̀rẹ̀, ó sì lè máa tẹ̀ síwájú títí dé nǹkan bí ogójì ọdún. Ó ti pẹ́ táwọn dókítà ti mọ̀ ọ́n: ní 1854 ni John Nottingham, dókítà ará Ìlú Ọba, kọ ìwé tó ṣàlàyé rẹ̀ yàtọ̀ sí àwọn àìsàn mìíràn tó ń mú ojú yọ síta. Àwọn ọ̀dọ́ tó ń wo bọ́ọ̀lù alápẹ̀rẹ̀ lè rántí pé Stephen Curry sọ ní 2019 pé òun ní in, lẹ́yìn ọ̀pọ̀ ọdún tó ti ń fún ojú pọ̀ wo àpẹ̀rẹ̀.

Àwòrán orí kọ́níà rẹ̀ tí a ní kó lọ yà níbòmíràn fìdí ọ̀rọ̀ náà múlẹ̀. Kọ́níà tó dára máa ń ní agbára tó tó nǹkan bíi dáyọ́pítà 43 (dáyọ́pítà la fi ń wọn agbára kíkó ìmọ́lẹ̀ jọ), ó sì máa ń nípọn tó nǹkan bíi máíkírọ́ọ̀nù 540, ìyẹn ìdajì mìlímítà àti díẹ̀. Ti ọ̀tún rẹ̀ jẹ́ 47.5, ó nípọn tó 489. Ti òsì jẹ́ 53, ó nípọn tó 462. Ẹ fi nọ́ńbà 462 yẹn sọ́kàn, a ó padà sí i.

Kí ló dé tó fi ń ka lẹ́tà dé 6/9, tí kò sì rí òwú tó wà níwájú imú rẹ̀? Ìbéèrè ọ̀gá rẹ̀ nìyẹn. Pátákó lẹ́tà tí a fi ń yẹ ojú wò, èyí tí Herman Snellen gbé jáde ní 1862 ní Nẹ́dálándì, lẹ́tà dúdú lórí ojú funfun ni. Kò sí ohun méjì tó jìnnà síra wọn tó dúdú àti funfun. Ohun tó ń wọ̀n kò ju bí lẹ́tà ṣe lè kéré tó kó tó sá mọ́ ènìyàn lójú. Kò béèrè bóyá ojú lè ya ohun tó ṣú díẹ̀ kúrò lára ohun tó ṣú jù ú lọ díẹ̀. Èyí ni kọ́ńtíráàsì, orí rẹ̀ sì ni púpọ̀ nínú ìgbé ayé wa dá lé: ojú títì lálẹ́, àtẹ̀gùn tí kò ní ìlà, ojú ènìyàn tó dúró sí òjìji, àti òwú aró lórí aṣọ aró.

Bí kọ́níà bá ti wọ́, ìmọ́lẹ̀ tó yẹ kó pàdé sójú kan máa fọ́n ká. Díẹ̀ lára ìmọ́lẹ̀ ibi tó mọ́ á ṣí wọ ibi tó ṣú, ibi tó ṣú á ṣá, ibi tó mọ́ á ṣókùnkùn díẹ̀, ìyàtọ̀ àárín wọn á dín kù. Mo fi owó ṣàlàyé rẹ̀ fún bàbá náà. Ẹni tó ní ẹgbẹ̀rún náírà, tí wọ́n gba ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin rẹ̀, ṣì ní 250 lọ́wọ́ tó lè fi ra nǹkan. Ẹni tó ní ogójì náírà, tí wọ́n gba ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin rẹ̀, kí ni náírà mẹ́wàá máa rà fún un? Lẹ́tà dúdú lórí pátákó funfun ni ẹlẹ́gbẹ̀rún náírà. Òwú aró lórí aṣọ aró ni olówó ogójì. Olè kan náà ló ja àwọn méjèèjì.

"Haa," bàbá náà ní. Ó wo ọmọ iṣẹ́ rẹ̀. Kò sọ nǹkan mìíràn fún ìgbà díẹ̀.

Mo gbé pátákó mìíràn kọ́, èyí tí Denis Pelli, John Robson àti Arnold Wilkins gbé jáde ní 1988. Gbogbo lẹ́tà rẹ̀ ló tóbi bákan náà, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ ga tó sẹ̀ǹtímítà 5, mítà kan péré ni a sì ń dúró sí láti kà á. Mẹ́ta mẹ́ta ni wọ́n tò wọ́n. Mẹ́ta àkọ́kọ́ dúdú bíi kóró iṣin, mẹ́ta tó tẹ̀lé e ṣá díẹ̀, mẹ́ta mìíràn ṣá sí i, títí wọ́n á fi fẹ́rẹ̀ẹ́ rì sínú funfun pátápátá. Ọ̀dọ́ tójú rẹ̀ dára máa ń gba 1.65 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, ìyẹn ni pé ó lè rí lẹ́tà tó fi nǹkan bí ìdá méjì péré nínú ọgọ́rùn-ún ṣú ju ẹ̀yìn rẹ̀ lọ. Ní gbogbo ìgbà tí ènìyàn bá fi 0.30 wálẹ̀, ìyàtọ̀ tó nílò di ìlọ́po méjì.

Ojú ọ̀tún rẹ̀ gba 1.35. Òsì gba 1.05. Ohun tí ojú òsì yẹn máa rí gbọ́dọ̀ yàtọ̀ sí ẹ̀yìn rẹ̀ ní ìlọ́po mẹ́rin ohun tó tó fún ọ̀rẹ́ rẹ̀ tó jókòó ti maṣíìnì kejì. Ó sì ń jókòó síbẹ̀ lójoojúmọ́, wọ́n ń bá a wí pé kò fọkàn sí iṣẹ́.

Mo mọ̀ pé pátákó yìí náà kò sọ gbogbo ọ̀rọ̀. Lẹ́tà rẹ̀ tóbi, keratoconus sì máa ń kọ́kọ́ bá àwọn ohun tínrín jà. Ojú abẹ́rẹ́, ìyẹn ibi tí abẹ́rẹ́ ti ran òwú mọ́ aṣọ, kì í ṣe sẹ̀ǹtímítà 5. Nítorí náà mo bẹ ọ̀gá rẹ̀ pé kó ran àkísà kan fún mi. Ó mú abẹ́rẹ́ látinú fìlà rẹ̀, ó jókòó sẹ́bàá fèrèsé, ó fi òwú funfun ran ojú abẹ́rẹ́ 12 sórí aṣọ aró, ó tún fi òwú aró ran 12 mìíràn sísàlẹ̀ rẹ̀, kò sì tò wọ́n lọ́nà tó bára mu, kí ọmọ má baà fi orí kà á. Mo gbé aṣọ náà síwájú ọmọ, ní ibi tó máa ń gbé iṣẹ́ sí, mo bo ojú òsì rẹ̀. Òwú funfun: ó ka 12. Òwú aró lẹ́bàá fèrèsé: ó ka 7. A ti fèrèsé, a tan gílóòbù tó wà lókè orí wa: ó ka 4. Lójú òsì, òwú funfun jẹ́ 10, òwú aró lẹ́bàá fèrèsé jẹ́ 3. Lábẹ́ gílóòbù, ó fọwọ́ pa aṣọ náà láti òkè dé ìsàlẹ̀, ó ń fi ìka wá ojú abẹ́rẹ́ bí afọ́jú. Ó ní, "Mo mọ̀ pé wọ́n wà níbẹ̀, mà. Ọwọ́ mi rí wọn."

Ìdí tí gílóòbù fi burú ju fèrèsé lọ ni ọmọlójú. Nínú ìmọ́lẹ̀ tó pọ̀, ihò ọmọlójú máa ń kéré, ìwọ̀nba apá kọ́níà díẹ̀ ni ìmọ́lẹ̀ ń gbà kọjá. Bí ibi tí a wà bá ṣókùnkùn, ó máa ń fẹ̀, apá tó wọ́ á wọ inú iṣẹ́. Àbùkù tó gbilẹ̀ jù nínú keratoconus, èyí tó ń fún ìmọ́lẹ̀ nírù bí ìràwọ̀ onírù, máa ń pọ̀ sí i lọ́nà tó burú: bí ihò náà bá fẹ̀ ní ìlọ́po méjì, àbùkù yìí lè di ìlọ́po mẹ́jọ. Ìdí nìyí tó fi ń fún ojú pọ̀ látàárọ̀ ṣúlẹ̀. Ó ń dín fèrèsé kù fún ara rẹ̀. Ó tún sọ fún mi pé nígbà tí òun wà ní kékeré, òun máa ń ká ọwọ́ bíi fèrè wo pátákó kíláàsì látinú ihò rẹ̀, tíṣà sì máa ń ní kó yéé ṣeré.

Gíláàsì kò lè tún èyí ṣe. Ó lè tún ìtẹ̀ tó bára mu ṣe, ṣùgbọ́n ìtẹ̀ tí kò bára mu kì í gbọ́ tirẹ̀. Ọ̀gá rẹ̀ ló fún mi ní àpèjúwe èyí: aṣọ tí wọ́n ti gé wọ́, bó ti wù kí o lọ̀ ọ́ tó, kò ní jókòó.

Nígbà tí ìyá rẹ̀ wá lọ́sẹ̀ tó tẹ̀lé e, mo béèrè ọ̀rọ̀ ojú yíyún. Obìnrin náà pàtẹ́wọ́. "Dókítà, láti ìgbà tó ti wà lọ́mọ ọdún méje ni. Bí ọyẹ́ bá ti fẹ́ báyìí, ojú ọmọ yìí á pọ́n, á máa ra á, á máa ra á. Ilẹ̀ á mọ́, á ṣì máa ra á." Bó ṣe ń sọ ọ́ lọ́wọ́ ni ọmọ náà gbé oríkèé ìka sójú òsì, ó tẹ̀ ẹ́ wọlé, ó ń yí i. Mo di ọwọ́ rẹ̀ mú. Ojú tí a ń rà kíkan kíkan lọ́dọọdún wà lára ohun tó ń jẹ́ kí kọ́níà tí kò lágbára máa yọ síta. Mo fún un ní oògùn tí ń pa ojú yíyún, mo ní kó máa fi aṣọ tí wọ́n rẹ sínú omi tútù lé ojú tó pa dé. Mo sì kìlọ̀ fún ìyá rẹ̀ nípa àwọn oògùn ojú tí wọ́n ń tà ní ṣọ́ọ̀bù kẹ́míìsì tó ní steroid nínú. Wọ́n máa ń pa yíyún lójú ẹsẹ̀, ìdí tí wọ́n fi ń tà nìyẹn, ṣùgbọ́n lílò wọn fún ìgbà pípẹ́ láìsí ẹni tó ń ṣọ́ ojú lè mú ìfúnpá inú ojú ga, kó sì ba iṣan ìríran jẹ́. Ìyẹn kì í ṣeé tún ṣe.

Iṣẹ́ méjì ló kù, n kò sì fẹ́ kí wọ́n da méjèèjì pọ̀. Èkíní ni láti dá àìsàn náà dúró. Èkejì ni láti dá ìríran padà. Ìtọ́jú àkọ́kọ́ kì í ṣe ti èkejì, ẹni tí kò bá mọ èyí máa rò pé wọ́n rẹ́ òun jẹ.

Láti dá a dúró, wọ́n máa ń kán riboflavin, ìyẹn fítámì B2, sí kọ́níà títí tó fi máa mu ún yó, wọ́n á wá tan ìmọ́lẹ̀ ultraviolet sí i fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú. Èyí á mú kí àwọn okùn inú kọ́níà so mọ́ra sí i, kó lè le. Ìlú Dresden ní Jámánì ni wọ́n ti ṣe iṣẹ́ ìwádìí rẹ̀, àbájáde àkọ́kọ́ lára ènìyàn sì jáde ní 2003. Amẹ́ríkà fọwọ́ sí i ní 2016. Àmọ́ kọ́níà gbọ́dọ̀ nípọn tó máíkírọ́ọ̀nù 400 kó tó ṣeé ṣe lọ́nà yìí, kí ìmọ́lẹ̀ náà má baà pa àwọn ohun ẹlẹgẹ́ tó wà lẹ́yìn kọ́níà lára. Wọ́n sì máa ń kọ́kọ́ ha awọ òkè rẹ̀ kúrò, èyí tó nípọn tó nǹkan bí 50. Ẹ mú 50 kúrò lára 462, ó ku 412. Díẹ̀ báyìí ni ojú òsì rẹ̀ fi rí ẹnu ọ̀nà gbà kọjá. Ká ní a tún ra gíláàsì kẹrin kí a sì dúró dé ọdún tó ń bọ̀, bóyá ìlẹ̀kùn ti tì.

Owó ni wàhálà. Ọ̀gá rẹ̀ gba àjọ rẹ̀ tí kò tíì kàn án, ẹgbẹ́ télọ̀ àdúgbò dá díẹ̀, ìyá rẹ̀ tà lára ọjà rẹ̀. Wọ́n lọ sí Èkó fún ojú òsì nínú oṣù kẹta, wọ́n padà lọ fún ọ̀tún ní oṣù mẹ́ta lẹ́yìn ìyẹn. Ọjọ́ mẹ́rin àkọ́kọ́ dùn ún gan-an, mo sì ti sọ fún un tẹ́lẹ̀ pé yóò rí bẹ́ẹ̀.

Èyí tí n kò sọ dáadáa tó ni ohun tó tẹ̀lé e. Lóṣù kan lẹ́yìn ìtọ́jú òsì, ìyá rẹ̀ pè mí ní aago mẹ́fà ìdájí. Kò kí mi. "Dókítà, ẹ ní ẹ fẹ́ dá ojú ọmọ mi dúró ni. Ọmọ ní kùrukùru ti bo gbogbo rẹ̀." Òótọ́ ló sọ. Kọ́ńtíráàsì ojú òsì rẹ̀ ti wálẹ̀ sí 0.90. Kùrukùru tó máa ń wà nínú kọ́níà lẹ́yìn ìtọ́jú yìí sábà máa ń pọ̀ jù láàárín oṣù kan sí mẹ́ta, lẹ́yìn náà á máa ká kúrò títí di bí ọdún kan. Mo ti mọ̀ ọ́n, mo sọ ọ́ fún ọmọ náà pẹ̀lú ẹnu wẹ́rẹ́ láàárín ọ̀rọ̀ mìíràn, n kò sì sọ ọ́ fún ìyá rẹ̀ rárá. Láti ìgbà náà, mo máa ń kọ ọ́ sínú ìwé fún àwọn ẹbí, ní Yorùbá: ojú máa kọ́kọ́ burú sí i, ẹ má bẹ̀rù, ẹ pè mí bí ó bá ń dùn ún tàbí tó ń pọ́n.

Lẹ́yìn oṣù mẹ́fà sí ìtọ́jú àkọ́kọ́, a bẹ̀rẹ̀ sí í wá lẹ́ńsì. Lẹ́ńsì líle tí atẹ́gùn ń gbà kọjá ni mo lò, kì í ṣe èyí tó rọ̀ tí àwọn ọmọge fi ń yí àwọ̀ ojú. Ẹ̀yìn rẹ̀ ń dúró ní tirẹ̀, kì í tẹ̀ lé ìwọ́kúwọ̀ọ́ kọ́níà, omijé á wá kún àlàfo tó wà láàárín wọn bí ìgbà tí bíríkìlà fi sìmẹ́ńtì rẹ́ ògiri tó ní kòtò. Ìmọ́lẹ̀ á wá bá ojú tó tẹ́jú pàdé. Ó gbà wá ní ìjókòó mẹ́rin. Mo ń kán àwọ̀ tó ń tàn bí ewé tútù sí i lójú láti wo ibi tí lẹ́ńsì ti fara kan kọ́níà jù, a pààrọ̀, a tún wò.

Ní ìjókòó kẹrin, ó dákẹ́ fún bí ìṣẹ́jú kan lẹ́yìn tí omijé dá. Ojú mi ni mo rò pé ó ń wò, àmọ́ kàlẹ́ńdà tó wà lẹ́yìn mi ló ń wò. Ó ní, "Ọjọ́ Àìkú wọn ní àwọ̀ tiwọn." Òótọ́ ni. Wọ́n fi àwọ̀ eérú tó ṣú díẹ̀ tẹ àwọn ọjọ́ tó kù, wọ́n fi àwọ̀ eérú tó mọ́ díẹ̀ tẹ ọjọ́ Àìkú. Èmi fúnra mi kò kíyè sí i rí.

Ojú ọ̀tún di 6/6, kọ́ńtíráàsì rẹ̀ 1.65. Òsì di 6/9, 1.50. Òsì kò dé ibi tí a fẹ́, kò sì dájú pé lẹ́ńsì yìí máa gbé e débẹ̀, nítorí ẹ̀yìn kọ́níà náà ti wọ́, omijé iwájú kò sì lè rẹ́ ẹ̀yìn. Àkísà ọ̀gá rẹ̀ ṣì wà nínú dúrọ́ọ̀ mi. Òwú aró lẹ́bàá fèrèsé: ọ̀tún 12, òsì 9. Lábẹ́ gílóòbù: ọ̀tún 10, òsì 6.

Ṣọ́ọ̀bù télọ̀ kì í ṣe ibi tó rọrùn fún lẹ́ńsì líle. Èérún òwú máa ń fò, bí ọ̀kan bá wọ abẹ́ rẹ̀, á dà bí ìgbà tí yanrìn wọlé. Oríṣi lẹ́ńsì ńlá kan wà tó ń jókòó sórí funfun ẹyinjú, tó fo kọ́níà kọjá, èérún kì í tètè ráàyè wọ abẹ́ rẹ̀, ó sì lè jẹ́ pé ohun tí a máa lò lójú òsì nígbẹ̀yìn nìyẹn. Owó rẹ̀ pọ̀, a ṣì ń tọ́jú owó náà pa mọ́. Ní báyìí, ó máa ń wọ lẹ́ńsì rẹ̀ fún iṣẹ́ ọ̀nà, á bọ́ ọ bí wọ́n bá fẹ́ gé aṣọ. Mo fẹnu mọ́ ọn títí pé kó má fi omi ẹ̀rọ ṣan lẹ́ńsì, kó má sì fi píọ̀ wọ́tà ṣan án, bó ti wù kó mọ́ lójú tó, nítorí kòkòrò kan lè wà nínú omi tó lè jẹ kọ́níà run láàárín ọjọ́ díẹ̀. Omi lẹ́ńsì nìkan. Ọ̀gá rẹ̀ ra iná LED tó lọ́rùn gígùn fún un, wọ́n gbé e sápá òsì kó lè tàn sórí aṣọ gan-an, kì í ṣe sójú rẹ̀. Ó sì máa ń fi ẹfun télọ̀ ya ọ̀nà sára aṣọ dúdú kó tó ki abẹ́rẹ́ bọ̀ ọ́. Àwọn ọmọ iṣẹ́ yòókù ti ń ṣe bẹ́ẹ̀ pẹ̀lú.

Lálẹ́, iná mọ́tò ṣì ń nírù. Mo ti bẹ̀ ẹ́ kó má gun ọ̀kadà tirẹ̀ lẹ́yìn tí ilẹ̀ bá ti ṣú, ó gbà, ó ń wọ takisí Máíkírà.

Ní oṣù tó kọjá, àyẹ̀wò ọdún kan, àwòrán kọ́níà méjèèjì kò yí padà sí burúkú. Ti òsì tilẹ̀ ti wálẹ̀ láti 53 sí 52. Ó wá pẹ̀lú àbúrò rẹ̀ obìnrin, ọmọ ọdún 11, nítorí mo ti ní kó mú un wá. Ẹni tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ bá ní keratoconus yẹ kí wọ́n ya àwòrán kọ́níà tirẹ̀ náà, pàápàá bí ojú bá ń yún un. Ojú ń yún un. Àwòrán rẹ̀ dára lápá méjèèjì, kọ́níà rẹ̀ sì nípọn dáadáa. Mo fún un ní oògùn, mo ní kí wọ́n padà wá lẹ́yìn oṣù mẹ́fà.

Bí mo ṣe ń kọ ọjọ́ náà sí káàdì ni ọmọdébìnrin náà gbé ọwọ́ sójú. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ kò yíjú wò ó, ó kàn na ọwọ́, ó di ọrùn ọwọ́ rẹ̀ mú, ó rọra gbé e padà sórí itan rẹ̀, kò sì fi í sílẹ̀ títí mo fi kọ ọ́ tán.